Ìdí Tí N Kò Fi Tètè Ta Ọṣẹ Yín

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ganíyù. Ẹ kú àmójútó agbo ilé wa, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Tìmùtìmù ni mo fi sábẹ́ orúnkún, torí eegun ọ̀tún kò gba òtútù ibí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Ẹni tó bá ní mo jókòó kí ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ló ń pa.

Mo kí Bàbá Ganíyù. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ tí kò mọ ojú mi àfi nínú fóònù. Àlháńdùlílàhì, ara mi le. Kúbúrá ọmọ mi, tí mo wá bá gbé ní Máńṣẹ́sítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ara òun náà le, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kò sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè yín, ìyá mi lẹ jẹ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba nìyí: gbangba ni ẹ ti bú mi. Orí wọ́sáàpù ẹbí lẹ ti sọ ọ́, tí gbogbo ọmọ, gbogbo ìyàwó, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn àna, fi gbọ́ ohùn yín, pé ọṣẹ tí ẹ sè, tí ẹ dì, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ṣé mo ti jẹ ẹ́ tán ni. Ẹ ní láti ìgbà tó ti dé, ẹ ò gbọ́ pé mo ta ẹyọ kan. Ẹ ní oníṣòwò kan ti wá bá yín láti Òṣogbo, ó ní òun á máa kó gbogbo ọṣẹ yín, òun á pò ó mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ, òun á gé e ní rìbìtì-rìbìtì, òun á lẹ orúkọ tòun mọ́ ọn. Ẹ ní bí n kò bá fún yín lésì gidi kí ẹ tó tún gbé ìkòkò kaná, ọkùnrin yẹn ni ẹ ó máa sè fún. Ganíyù sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn ohùn yín.

Ó dáa. Bí gbogbo ẹbí ti gbọ́ ìbéèrè, kí gbogbo ẹbí gbọ́ ìdáhùn. Kí àwọn tí mò ń kọ lẹ́tà sí níbí náà gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ tiwọn wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta ayé ìgbà yẹn ni. Kúbúrá kàn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ni, mo sì jókòó tì í kó má baà fi òdòdó sí i.

Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́. Ọyẹ́ Ìlá á fẹ́ láàárọ̀, a ó yáná, oòrùn á là, ó tán. Ti ibí á wọ inú eegun, á jókòó síbẹ̀. Òjò wọn náà kì í rọ̀ kó dá, ńṣe ló ń ṣẹ́ wínniwínni bí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló dà mí láàmú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Àìrí ẹni kí ni. Láàárọ̀, gbogbo wọn á jáde nílé, á ku èmi àti fèrèsé. Ìyá òyìnbó kan ń gbé ilé ẹ̀gbẹ́ wa, ó dàgbà jù mí lọ. Mo pàdé rẹ̀ níta lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin náà rò pé mo ṣubú ni. Ó ń fà mí lápá, ó ń ké sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá ràn án lọ́wọ́. Títí di òní, bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á ti na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ dè mí. Obìnrin dáadáa ni.

Kúbúrá ló ní kí a fi ọṣẹ yín ṣòwò. Kí ọṣẹ náà tó dé rárá, ó ti ya ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ máa gbọ́ nípa ọṣẹ dúdú Ìlá kó fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀. Ímeèlì yìí, ẹ̀gbọ́n mi, bí àpótí lẹ́tà ni, inú fóònù ló wà. Ẹni tó bá fún yín ní tirẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn fún yín nìyẹn. Àwọn ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn sílẹ̀, láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Kánádà, láti Èkó pàápàá. Inú Kúbúrá dùn. Bí wọ́n ti ń wọlé báyìí ló ń fi lẹ́tà pàdé wọn, pé ọṣẹ ń bọ̀, kí wọ́n tètè sanwó sílẹ̀, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ san á rí ẹ̀dínwó, kí wọ́n má jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó fi àwòrán iná sí i. Kò sẹ́ni tó rà. Ó tún fi òmíràn ránṣẹ́, ó fi iná kún iná. Àwọn kan yọ orúkọ wọn kúrò.

Mo bi í pé àwọn wo ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ṣé ó mọ̀ wọ́n. Ó ní òun kò mọ̀ wọ́n, oníbàárà ni wọ́n. Mo ní oníbàárà kọ́, àlejò ni wọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí sí ẹnu ọ̀nà, kò tíì ní kí wọ́n jókòó, kò bu omi fún wọn, ó ti na ọwọ́ kí wọ́n mówó wá. Ó ní Màámi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí ẹ̀rọ nìyẹn. Mo ní a ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó ka àwọn tó rà fún mi. Ó wo òkè àjà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè tà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ò rántí ìsọ̀ yín lọ́jà Ìlá, tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn yín lórí àpótí? Bí ẹni tí a kò mọ̀ rí bá dúró níwájú igbá ọṣẹ, ẹ kì í dá iye lé e. Ẹ ó kọ́kọ́ bi í níbi tó ti ń bọ̀, bóyá Òkè-Ìlá ni tàbí ọ̀nà Ọ̀rà. Ẹ ó já ọṣẹ bíńtín níbẹ̀, bí ẹkùrọ́ kan báyìí, ẹ ó fi lé e lọ́wọ́, ẹ ó bu omi sí i, á fi fọ ọwọ́ lójú yín. Ẹ ó tún já òmíràn, ẹ ó fi ewé dì í, ẹ ó ní kó lọ fi wẹ̀ nílé kó padà wá lọ́jọ́ ọjà mìíràn. Bó bá ní òun á sanwó, ẹ ó ní rárá. Àwọn ọlọ́ṣẹ tó kù máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní Ìyá Olóore ti ń ṣe sàráà, ìgbà wo ló fẹ́ ṣe àdúà sí i. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọjà bá tún pé, tí ẹni yẹn bá ń bọ̀ láàárín ọjà, kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀ tààrà. Ṣé torí pé mo wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kí n gbàgbé ìyẹn?

Mo gba iṣẹ́ lẹ́tà náà lọ́wọ́ Kúbúrá. Mo ní kó má fi ohun tí à ń tà lọ̀ wọ́n mọ́, kí n kọ́kọ́ kí wọn ná. Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, bí ènìyàn bá gba ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò kí i. Mo kí wọn láàárọ̀, mo ní kí Kúbúrá fi ránṣẹ́. Ọ̀sán pọ́n, mo kí wọn kú ọ̀sán, mo béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìrun alásárì, mo kí wọn kú ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí òjò rọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa, mo kí wọn kú òjò, títí kan àwọn tó wà níbi tí oòrùn ti ń pa wọ́n. Mo kí àwọn Mùsùlùmí kú Jímọ̀, mo sì kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kí wọ́n má baà ní mo ń ṣe ojúsàájú. Kúbúrá ní Màámi, ó tó. Mo bi í pé kí ló tó, ṣé kíkí ń tó ni. Kò bá mi jiyàn. Ó ń fi ránṣẹ́, ó ń wò mí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ orúkọ wọn kúrò, àwọn tèmi sì pọ̀ ju àwọn tó sá fún Kúbúrá lọ. Obìnrin kan kọ̀wé pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, fóònù mi kò sinmi láti òwúrọ̀, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ rò pé mo ní àlè. Ó dùn mí. Mo ní ìran tí kò fẹ́ kí wọ́n kí òun, kí la fẹ́ bá wọn ṣe. Kúbúrá gbé fóònù tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo lẹ́tà tó wọlé fún òun láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan. Ti ilé-ìwé àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ti báǹkì wà níbẹ̀, ti àwọn tó ń ta bàtà, ti àwọn tó ń ta ibùsùn. Mo ń fi ìka fà á sókè, kò tán. Ó ní àárín èrò yìí ni Màámi ti ń kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. N kò sọ pé mo jẹ̀bi. Mo kàn bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kí n máa ṣe é. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo ní ọrọọrún, bí ọjà ilé. Ọrọọrún la fẹnu kò sí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ná ọjà lọ́hùn-ún, ẹ mọ̀ pé èmi náà ń ná tèmi.

Àwọn lẹ́tà náà kò ní ọ̀rọ̀ títà nínú. Mo sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń yọ àdín lára ẹkùrọ́, bí ẹ ṣe ń sun èèpo kòkó títí yóò fi di eérú, bí ẹ ṣe ń ro omi eérú náà kó tó bá àdín pàdé nínú ìkòkò. Mo ní ọṣẹ tó bá dúdú kirikiri bí èédú, kí wọ́n bi ẹni tó tà á fún wọn ní ohun tó fi pa á láró, torí tiwa, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Mo ní bí wọ́n bá fi í sínú omi á yọ́ tán, kí wọ́n má wá bú mi. Níparí, mo máa ń bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ta ló kọ́kọ́ wẹ̀ yín tí ẹ lè rántí.

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n dáhùn. Ọkùnrin kan tó ń wakọ̀ ní Kánádà ní ìyá àgbà òun máa ń fi kànrìnkàn bó òun lára débi pé òun a máa sá gun igi ìbẹ́pẹ, ìyá náà á sì jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ọṣẹ, á ní òun kò ní ibi tí òun ń lọ. Òmíràn ní òun kò mọ̀ ọ́n, inú ilé àjèjì lòun dàgbà sí, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn láti máa ka ti àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ni mo dá lóhùn, mo ń pè é, Kúbúrá ń tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, mo mọ ẹni tó ń wá iṣẹ́. N kò jókòó ti fèrèsé mọ́. Ènìyàn pọ̀ tí mo ní láti kí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrọọrún ni.

Wọ́n wá bi mí bóyá ó ń wo làpálàpá. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ó ń wò ó, ó ń wo èélá, ó ń wo ara yíyún, ó ń lé àárẹ̀, bí mo ṣe ń polówó rẹ̀ lọ́jà kí n tó kúrò nílé. Kúbúrá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn yìí kò rí ojú wa, kò sí ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ wa lọ. Ó ní bí ẹnì kan bá lò ó tí làpálàpá kò kúrò, àti ti àdín àti ti eérú, irọ́ ni yóò pe gbogbo rẹ̀. Mo ní ṣé èmi ló ń pè ní òpùrọ́. Ó ní òun kò pè mí bẹ́ẹ̀, òun ò sì ní tẹ̀ ẹ́. Ó gbé oúnjẹ mi wá, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ọmọ yẹn le bíi tèmi. Nígbà tó yá, ohun tí mo kọ ni pé ọṣẹ ni, kì í ṣe oògùn. Pé èélá orí Kúbúrá lọ nígbà tí mo fi wẹ̀ ẹ́ ní kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nípa orí tiwọn. Kò dùn lẹ́nu mi, àmọ́ mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ yín dé. Bí mo ṣe ṣí páálí, òórùn ilé gba gbogbo yàrá, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Kúbúrá ní ó ti tó àsìkò kí a tà á báyìí, àwọn ènìyàn ti mọ̀ wá. Mo ní a kò tíì já fún wọn. Mo ń já a bíńtín-bíńtín, à ń fi bébà dì í torí wọn ò gba ewé níbí, à ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní òun fẹ́ fọwọ́ kàn án wò. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ti ń lọ, tí ẹ̀yin fi rò pé mo ti jẹ ẹ́.

Obìnrin kan kọ̀wé láti Sikótíláǹdì, pé ọṣẹ náà ta òun lójú, pé awọ ojú òun pọ́n. Ọmọ Òkè-Ìlá ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo ní ará Òkè-Ìlá ń bá ọmọ Ìlá ṣe orogún lórí ọṣẹ nìyẹn. Kúbúrá kò rẹ́rìn-ín. Ó bi obìnrin náà bó ṣe lò ó. Ó ní ńṣe lòun mú un, òun fi ra ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A kò sì kọ ọ́ sí i fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ra á lọ́wọ́ kó hó. Lójú tiwa, ta ni kò mọ ìyẹn? Kúbúrá ní kí a fi ọ̀rọ̀ obìnrin náà sínú lẹ́tà tó kàn, bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kí gbogbo ènìyàn rí i, kí a sì sọ ohun tí a fò. Mo ní kò jẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó ti iná títí ojú fi ń ta á kí n wá fi ẹnu ara mi ba ọṣẹ rẹ̀ jẹ́ níwájú ayé. Kúbúrá ní bí a bá fi pa mọ́, ẹlòmíràn á tún fi ra ojú. Mo ro ti ẹni tí n kò mọ̀, tí ojú ń ta, tó ń pe orúkọ Ìlá.

A fi sí i. Mo rò pé gbogbo wọn á yọ orúkọ wọn. Mo wọ inú yàrá, n kò fẹ́ gbọ́. Kò sẹ́ni tó lọ. Àwọn tí kò kọ nǹkan kan sí wa rí ló ń kọ̀wé lọ́jọ́ yẹn, pé a ṣeun tí a sọ ọ́. Obìnrin Sikótíláǹdì náà kọ̀wé, ó ní òun ti ń fi omi ra á lọ́wọ́ báyìí, ara òun ń dán, pé ṣùgbọ́n ọmọ Ìlá kò lè ṣe kó má ṣàkóbá fún ọmọ Òkè-Ìlá kí inú rẹ̀ tó dùn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ó wá bi wá nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí, ẹ ò dá iye lé e, ṣé ẹ ò fẹ́ tà á ni, ṣé ẹ fẹ́ kí àwa fi owó bẹ̀ yín ni.

Nígbà yẹn ni mo tó sọ fún Kúbúrá pé kó dá iye lé e. Ó kọ ọ́ ní ìlà kan péré, kò fi iná sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, páálí yín ti ṣófo. Owó tiyín ti wà lọ́nà ọ̀dọ̀ Ganíyù, kó má kàn máa rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ sọ fún ọkùnrin Òṣogbo yẹn pé ìkòkò yín ti ní ẹni tó ń dúró dè é. Ẹ má pò ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eérú igi rọ́pò ti èèpo kòkó nítorí pé ẹ fẹ́ tètè ṣe tán. Àwọn ènìyàn tó ń dúró dè é níbí ti mọ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sọ fún wọn, n kò sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ojú yín kò ní ṣókùnkùn, ọwọ́ tí ẹ fi ń ro ọṣẹ kò ní rọ. Ọlọ́hun á fi ire kárí agbo ilé, á pa àwọn ọmọ mọ́ lọ́nà oko àti lọ́nà ilé-ìwé. Ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń yọ àdín, ẹ bá mi kí Lèmọ́mù, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, kí ẹ sì kí ẹni tí kò béèrè. Ẹ dákun, ẹ tètè gbé ìkòkò kaná. Èyí tí mo fi pa mọ́ fún ara mi, mo já a títí ó tán. Ọṣẹ ṣọ́ọ̀bù ni mo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ń rùn bíi súìtì, ara ń yún mi, n kò sì jẹ́ kí Kúbúrá mọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámọ́tù, Ìyá Kúbúrá